Atọ́ka tí kò ṣófo kò tíì jẹ́rìí: ìbátan àwọn pointer nínú kóòdù nẹ́tíwọ́ọ̀kì Linux

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wa la ń kọ kóòdù ní èdè C lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kernel Linux, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí ẹ̀rọ, ló wà lábẹ́ gbogbo fóònù Android tó wà nínú yàrá yìí, òun náà ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfà tí à ń bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, bí a kò tilẹ̀ ní kọ ìlà kan níbẹ̀ láyé wa.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Bí a bá rí `if (sock->sk)` nínú kóòdù kernel, tí atọ́ka náà kò sì ṣófo, kí la wá mọ̀? Ọ̀pọ̀ yóò ní a ti mọ̀ pé ó ṣeé lò. Èmi ní a kò tíì mọ nǹkan kan, àfi tí a bá mọ ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ di òfo, ìgbà tó yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀, àti ohun tí kò ní jẹ́ kó ṣe é nígbà tí àwa ṣì ń lò ó lọ́wọ́.

Pointer ni mò ń pè ní atọ́ka. Nọ́ńbà lásán ni, àdírẹ́sì ibi tí nǹkan wà nínú mẹ́mọ́rì. Ẹ wò ó bí àdírẹ́sì ilé tí ẹnìkan kọ sínú ìwé: ìwé kò mọ̀ bóyá wọ́n ti wó ilé, kò sì mọ̀ bóyá onílé ti kó jáde tí ẹlòmíràn ti kó wọlé. Nínú ètò kékeré tí ènìyàn dá kọ, èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu. Ní apá nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú kernel, ọwọ́ pọ̀ nínú ìkòkò. Ètò aṣàmúlò ń pe kernel láti òkè, packet, ìdì dátà kékeré, ń ti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé láti ìsàlẹ̀, tímà ń dún láàárín, kálukú sì lè wà lórí CPU tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí socket bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí ètò ń gbà bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀. Nígbà tí ètò bá pe `socket()`, kernel máa ń ṣẹ̀dá nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni `struct socket`, èyí tó kọjú sí ètò aṣàmúlò, tó sì so mọ́ fáìlì àti inode (àkọsílẹ̀ tí kernel ní nípa fáìlì). Èkejì ni `struct sock`, èyí tó kọjú sí ìlànà ìbánisọ̀rọ̀, bíi TCP tàbí UDP: òun ló mọ pọ́ọ̀tù, òun ló ní ìlà packet tó ń dúró. Àwọn méjèèjì tọ́ka sí ara wọn. `sock->sk` ń lọ láti ti àkọ́kọ́ sí èkejì, `sk->sk_socket` sì ń padà wá.

Kí ló dé tí wọn kò fi sọ wọ́n di ọ̀kan? Nítorí pé ọjọ́ ikú wọn yàtọ̀. Bí ètò bá pe `close()`, `struct socket` kò ní pẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n TCP ṣì lè ní dátà tí kò tíì fi ránṣẹ́, FIN, àmì pé a ti parí, sì wà tí ẹni tó wà ní òdìkejì gbọ́dọ̀ fèsì sí. `struct sock` yóò dúró parí iṣẹ́ yẹn láìsí ètò kankan tó ni ín mọ́. Ìṣẹ́ (function) tó ń gé okùn náà ń jẹ́ `sock_orphan`. Á gba àgádágodo (lock, tó ń mú kí CPU mìíràn dúró) tó ń jẹ́ `sk_callback_lock` láti kọ̀wé, á fi àmì `SOCK_DEAD` sára sock, á sì sọ `sk_socket` di NULL, ìyẹn òfo.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Kóòdù ògiri ààbò máa ń fẹ́ mọ aṣàmúlò tó ni packet kan. Module kan wà ní netfilter, apá ògiri ààbò inú kernel, tó ń jẹ́ `xt_owner` tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an, nípa títọ ọ̀nà láti sk lọ sí `sk_socket`, láti ibẹ̀ lọ sí fáìlì. Ó ṣàyẹ̀wò pé `sk_socket` kò ṣófo kó tó tẹ̀ síwájú, àyẹ̀wò yẹn sì dára lójú. Àmọ́ kì í gba àgádágodo tẹ́lẹ̀. Láàárín ìgbà tó wo atọ́ka náà àti ìgbà tó tún padà kà á láti lò ó, CPU mìíràn lè ti ṣe `sock_orphan`. Ọdún 2023 ni wọ́n tó fi àgádágodo náà sí i, bẹ́ẹ̀ ó ti wà nínú kernel fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kan nínú netfilter ti ń gba àgádágodo yẹn kó tó di ìgbà náà. Ẹni tó ka `xt_owner` nìkan kò lè rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ẹni tó ti ka `sock_orphan` ló lè rí i.

Ìṣòro ọ̀nà àbọ̀ yìí pẹ̀lú ló mú kí wọ́n fi `sk_uid` sínú `struct sock`. Kernel 4.10 ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Èrò náà rọrùn: dípò kí a máa gba àgádágodo ká tún máa tọ `sk_socket` tó lè ti lọ, ká kúkú da nọ́ńbà aṣàmúlò náà kọ sára sock. Ó mọ́gbọ́n dání, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá dà kọ sí ibi méjì, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa mú kí méjèèjì bára mu. Bí ẹnìkan bá pe `fchown`, tó ń yí ẹni tó ni fáìlì padà, lórí socket, inode yóò yí padà, `sk_uid` náà sì gbọ́dọ̀ yí. Wọ́n wá kọ ìṣẹ́ kékeré kan, `sockfs_setattr`, láti ṣe é.

Ẹ bá mi tọ ọ̀nà tí ìṣẹ́ kékeré yẹn ń gbà. Inode ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti inode dé `struct socket`, kò sí atọ́ka kankan tí wọ́n tọ́jú: inode àti socket jọ wà nínú àpò kan tó ń jẹ́ `socket_alloc` ni, `container_of` kàn ń yọ iye báìtì tó yẹ kúrò lára àdírẹ́sì inode ni. Ìbátan tí a fi ìṣirò dì nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí inode bá wà láàyè, kò sẹ́ni tó lè já a. Láti socket dé sock, `sock->sk` ni. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá, ìlérí ni: ẹnìkan ló kọ ọ́ síbẹ̀, ẹnìkan ló sì gbọ́dọ̀ pa á rẹ́ lásìkò. Nínú ìlà kóòdù méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, ìbátan oríṣi méjì ló wà, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn.

Ní ọdún 2018, wàhálà àkọ́kọ́ yọjú, èyí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà CVE-2018-12232 (CVE ni àkójọ àwọn àlébù ààbò tí a mọ̀). `fchownat` kì í mú kí òǹkà fáìlì náà (iye àwọn tó ń lò ó lọ́wọ́) lọ sókè, nítorí náà `close` lè wáyé lórí CPU kejì nígbà tí `sockfs_setattr` ń ṣiṣẹ́. `sock->sk` di NULL láàárín, kernel sì wó lulẹ̀. Àtúnṣe wọn gba ẹsẹ̀ méjì: wọ́n mú àgádágodo inode nígbà tí socket bá ń kú, kí ó má baà pàdé `setattr` lójú ọ̀nà, wọ́n sì fi àyẹ̀wò sínú `sockfs_setattr`. Bí `sock->sk` kò bá ṣófo, kọ uid (nọ́ńbà aṣàmúlò). Bí ó bá ṣófo, dá àṣìṣe ENOENT padà.

Àtúnṣe yìí dára. Síbẹ̀ ó gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lé gbólóhùn kan tí kò sí ẹni tó kọ ọ́ síbì kankan: *bí socket bá ti kú, `sock->sk` yóò ti di NULL*. Ta ló ń sọ ọ́ di NULL? Lákòókò yẹn, kì í ṣe kóòdù àárín tó wà ní net/socket.c. Ìlànà kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe é fúnra rẹ̀ nínú ìṣẹ́ `release` tirẹ̀. TCP ń ṣe é. UDP ń ṣe é. Ẹbí kan wà tó ń jẹ́ AF_ALG, èyí tí ètò aṣàmúlò fi ń lo ìṣirò àṣírí inú kernel. Kì í gbé packet kankan lọ síbì kankan, kódà inú àpótí crypto ni kóòdù rẹ̀ wà. `af_alg_release` máa ń ju òǹkà sock sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi atọ́ka náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Kí `sk_uid` tó dé, kò sí `sockfs_setattr` tí àìṣe yẹn lè ṣì lọ́nà. Lẹ́yìn tó dé ni ewu ti wà, àtúnṣe ọdún 2018 kò sì mú un kúrò: àyẹ̀wò tuntun náà ń wo atọ́ka AF_ALG, ó ń rí i pé kò ṣófo, ó sì ń kọ uid sínú mẹ́mọ́rì tí wọ́n ti dá padà. CVE-2019-8912 nìyẹn, ó kan kernel títí dé 4.20.11. Ẹ kíyè sí i: ìṣubú tí gbogbo ènìyàn ń rí ni ti àkọ́kọ́. Èkejì kò pariwo, mẹ́mọ́rì ẹlòmíràn ló ń bàjẹ́. Lójú tèmi, èkejì burú ju àkọ́kọ́ lọ.

Wọ́n fi ìlà kan kún `af_alg_release`. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, à bá máa retí ìlànà mìíràn tó gbàgbé. Ẹnìkan wò ó dáadáa, ó sì rí i pé AF_ALG nìkan kọ́ ló gbàgbé. Nínú oṣù kejì ọdún 2019 kan náà, ìlà náà wọ inú net/socket.c fúnra rẹ̀: lẹ́yìn tí ìlànà yòówù bá ti ṣe `release` tirẹ̀ tán, kóòdù àárín ni yóò sọ `sock->sk` di NULL. Ìlérí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ́lẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkan. Nínú gbogbo àtúnṣe tí mo dárúkọ lónìí, èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Mo ti sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìbátan ìṣirò kò ní ewu. Ó ní díẹ̀. `tcp_sock` fi `inet_connection_sock` ṣe ọmọ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, èyí náà fi `inet_sock` ṣe àkọ́kọ́, ìyẹn sì fi `sock`. Nítorí náà àdírẹ́sì kan náà ni gbogbo wọn, `tcp_sk(sk)` sì ń lọ láìsí ìnáwó. Ṣùgbọ́n nínú tábìlì tí kernel ti ń wá ìsopọ̀ TCP, nǹkan mẹ́ta ló ń gbé pọ̀: sock tó pé, sock kékeré tó dúró fún TIME_WAIT (ìsopọ̀ tó ti parí tó ṣì ń dúró díẹ̀), àti èyí tó dúró fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kanlẹ̀kùn. `sock_common` tó wà ní orí nìkan ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ní. Gbogbo wọn ni atọ́ka wọn ń jẹ́ `struct sock *`. Bí o bá ka ohun tó wà lẹ́yìn orí yẹn lára sock TIME_WAIT, mẹ́mọ́rì nǹkan mìíràn lò ń kà. Ohun tí `sk_fullsock()` wà fún nìyẹn. Kàkà kó bi atọ́ka bóyá ó ṣófo, ìpò tí sock náà wà ló ń wò.

Tábìlì yìí kan náà ló ní ìrònú tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ ní apá yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láyè níbẹ̀. Packet tó ń wọlé gbọ́dọ̀ rí sock rẹ̀ kíákíá, kernel kò sì fẹ́ kó gba àgádágodo kankan láti wá a. Ó ń lo RCU, ọ̀nà kíkà láìgba àgádágodo. Nínú RCU tí a mọ̀, ohun tí o bá rí lábẹ́ `rcu_read_lock` kò ní di dídá padà títí o fi parí. Ṣùgbọ́n sock TCP ń kú púpọ̀, ó sì ń bí púpọ̀, nítorí náà sock TCP ń lo oríṣi kan tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, `SLAB_TYPESAFE_BY_RCU`. Ìlérí rẹ̀ kéré: mẹ́mọ́rì tí o ń wò yóò ṣì jẹ́ ti sock TCP, ṣùgbọ́n kò dá ọ lójú pé sock TCP *yẹn* ni. Ó lè ti kú, kí ìsopọ̀ mìíràn sì ti gba àyè rẹ̀ nígbà tí o ń kà á.

Báwo lènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? `__inet_lookup_established` ń rìn lórí ẹ̀wọ̀n, ìyẹn ọ̀wọ́ sock tó tò tẹ̀ lé ara wọn nínú tábìlì náà. Bó bá rí sock tí àdírẹ́sì IP àti pọ́ọ̀tù rẹ̀ bá packet mu, yóò gbìyànjú láti fi ọ̀kan kún òǹkà rẹ̀, kìkì bí òǹkà náà kò bá tíì di òdo. Bí ó bá ti di òdo, sock náà ń kú lọ, kò sì wúlò mọ́. Bí ó bá gbà á, iṣẹ́ kò tíì tán: yóò tún fi àdírẹ́sì àti pọ́ọ̀tù wé packet *lẹ́ẹ̀kejì*. Kí ló dé? Nítorí pé láàárín ìfiwéra àkọ́kọ́ àti ìgbà tó di òǹkà mú, ẹni inú ilé lè ti yí padà. Ẹ̀yìn ìgbà tí òǹkà bá wà lọ́wọ́ wa ni ẹ̀rí àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀. Bí ìfiwéra kejì kò bá bára mu, á ju òǹkà sílẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ó ku ọ̀kan. Nígbà tí sock tí o dúró lé bá kú tó sì tún bí sórí ẹ̀wọ̀n mìíràn, `next` (atọ́ka sí èyí tó kàn) tí o bá tẹ̀ lé yóò gbé ọ lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kì í ṣe tìrẹ, o ó sì dé òpin rẹ̀ láìrí ohun tí ò ń wá. Ṣé o máa sọ pé kò sí? Nítorí èyí ni òpin ẹ̀wọ̀n náà kò fi jẹ́ NULL lásán. Nọ́ńbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n kọ sínú atọ́ka tó gbẹ̀yìn, tí wọ́n fi bíìtì tó kéré jù ṣàmì sí kí ó má baà dà bí atọ́ka gidi. Bí nọ́ńbà tí o bá níbẹ̀ kò bá jẹ́ ti ibi tí o ti gbéra, o ti ṣìnà, padà sẹ́yìn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe sọ òfo pàápàá di ẹni tó ń jẹ́rìí. Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka ìṣẹ́ yìí kí wọ́n tó ka ohunkóhun mìíràn nínú net/ipv4. Kò gùn, kò sì sí ìlà kan níbẹ̀ tí wọ́n lè gbé kúrò láyè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àyè ìlà ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ tun. Dírafà tun ni ọ̀pọ̀ VPN fi ń ṣẹ̀dá káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò sí lójú ayé. Nínú kernel 2.6.30, ọdún 2009, ìṣẹ́ `tun_chr_poll` gba atọ́ka `tun`, ó ka `tun->sk` lórí ìlà tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé `if (!tun)`. Àyẹ̀wò wà, ẹ̀yìn iṣẹ́ ló wà sí. Compiler, ètò tó ń yí kóòdù C sí èdè ẹ̀rọ, ronú pé: nínú òfin C, ẹni tó ti ka inú atọ́ka ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé kì í ṣe NULL, nítorí náà àyẹ̀wò ìsàlẹ̀ kò lè jóòótọ́ láé. Ó pa á rẹ́. Ìrònú compiler tọ̀nà. Ti ènìyàn tó kọ ọ́ ni kò tọ̀nà. Lásán, kíka àdírẹ́sì òdo á wó kernel lulẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Brad Spengler, olùṣèwádìí ààbò, fi hàn nínú oṣù keje ọdún yẹn bí ènìyàn ṣe lè yẹ ìdènà `mmap_min_addr` sílẹ̀, kó fi mẹ́mọ́rì tirẹ̀ sí àdírẹ́sì òdo, kó sì di root, aṣàmúlò tó ní gbogbo àṣẹ. Wọ́n gbé ìlà kan sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àyẹ̀wò, wọ́n sì fi `-fno-delete-null-pointer-checks` kún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ kernel. CVE-2009-1897 ni.

Lórí packet fúnra rẹ̀, n kò ní pẹ́. `sk_buff` ló ń gbé e, dátà inú rẹ̀ sì lè fọ́n sí ojú ewé mẹ́mọ́rì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ènìyàn tó ka orí (header) TCP, ó gbọ́dọ̀ pe `pskb_may_pull` kí gbogbo rẹ̀ wà lójú kan. Orúkọ ìṣẹ́ yìí dà bí ìbéèrè lásán, ṣùgbọ́n ó lè gba mẹ́mọ́rì tuntun, kó da orí packet síbẹ̀, kó sì dá ti àtijọ́ padà. Atọ́ka `iph` (sí orí IP) tí o ti dì mú ṣáájú ti di ti ilẹ̀ olókùú. Ẹ wo kóòdù tó ń gba packet IPv4 wọlé: lẹ́yìn tó bá ti pe `pskb_may_pull` kejì, ó tún kọ `iph = ip_hdr(skb)`. Ẹni tó bá rò pé àtúnwí asán ni, tó sì pa á rẹ́, ti ṣẹ̀dá àlébù. Àwọn tó kọ `sk_buff` mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí `network_header` àti `transport_header` fi jẹ́ ìwọ̀n jíjìnnà sí `head` (ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́mọ́rì packet), tí wọn kì í ṣe àdírẹ́sì. Bí `head` bá kó lọ, ìwọ̀n ṣì tọ́.

Ẹnìkan béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ pé ṣé irinṣẹ́ kò lè bá wa rí gbogbo èyí. KASAN, tó wọ kernel 4.0, ń mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fọwọ́ kan mẹ́mọ́rì tí wọ́n ti dá padà, syzkaller láti Google sì ń pe kernel ní ọ̀nà tí ènìyàn kò ní ronú kàn. Ní ọdún 2017, syzkaller ló ran Andrey Konovalov lọ́wọ́ láti rí CVE-2017-6074 nínú DCCP, ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ mìíràn: ìṣẹ́ kan fi ọ̀kan kún òǹkà packet nítorí ó fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ìṣẹ́ tó pè é sì pe `__kfree_skb`, èyí tí kì í wo òǹkà rárá. Ó jọ pé láti ọdún 2005 ló ti wà níbẹ̀. Àmọ́ ohun tí irinṣẹ́ ń rí ni ìjàm̀bá tó ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Sock TCP tí ìsopọ̀ mìíràn gba àyè rẹ̀ jẹ́ mẹ́mọ́rì tó tọ́, tó wà láàyè. Ó ṣòro fún KASAN láti mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí a ń wá.

Ẹ̀gbọ́n wa kan bi mí ní tirẹ̀ pé, tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ṣé kò sàn ká fi àyẹ̀wò NULL síbi gbogbo? Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò kóòdù nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dá irú rẹ̀ padà, mo sì wà lẹ́yìn wọn. Àyẹ̀wò tí kò ní ìdí ń purọ́ fún ẹni tó máa kà á lẹ́yìn ọ̀la: ó ń sọ fún un pé atọ́ka yìí lè ṣófo níbí, òun náà yóò sì kọ ọ̀nà àbáyọ fún ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀, ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò ní dán wò láé. Bí ó bá dá ọ lójú pé kò lè ṣófo, sọ ìdí rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó bá pátáàṣì náà (àtúnṣe kóòdù) lọ: àgádágodo wo ló wà lọ́wọ́, òǹkà ta ni ó dì í mú. Bí ó bá sì wù ọ́ kí ẹ̀rọ máa bá ọ ṣọ́ ọ, `DEBUG_NET_WARN_ON_ONCE` ti wà láti ọdún 2022. Ẹni tó bá tan CONFIG_DEBUG_NET yóò rí ìkìlọ̀ nígbà tí ìgbàgbọ́ rẹ bá já. Ẹni tí kò tàn án kò ní san kọ́bọ̀ kan.